Ọkọ̀ Tó Sáré Lójú Kan

Ní Nsuano ìlú wa, láàárín Saltpond àti Apam, bí ènìyàn bá jalè, a óò bú u títí ẹnu yóò fi dùn wá. Bó bá gba ìyàwó oníyàwó, a óò nà án, a óò sì fi kọ orin. Ṣùgbọ́n bó bá ti ọkọ̀ wọ òkun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti orin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òkun ń sinmi. Àwa náà á sinmi: a ó máa tún àwọ̀n ṣe, a ó máa sùn, a ó máa purọ́ fún ara wa nípa ẹja ńlá tó já mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá rú òfin náà, wọn á wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ gun iyanrìn, wọn á dè é mọ́ igi àgbọn, kò sì ní fojú kan omi mọ́ títí àsìkò ẹja yóò fi kọjá.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òkun háwọ́ sí wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, bí a bá da àwọ̀n, omi là ń fà. Ẹja wọ́n débi pé àwọn ológbò ìlú wa bẹ̀rẹ̀ sí jẹ gbágùúdá. Obìnrin kan ládùúgbò wa dín ẹja kan ṣoṣo tí kò ju àtàńpàkò lọ, òórùn rẹ̀ kó àlejò mẹ́rìndínlógún wọ ilé, méjì nínú wọn wá láti Apam. Kì í ṣe irọ́. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ irọ́, díẹ̀ ni.

Bí ẹja bá ti sá báyìí, ohun kan náà ni gbogbo ìlú máa ń rò: ẹnì kan ti lọ sókun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ta ni? Ìdí rèé tí àwọn tó ti ń jẹun nínú abọ́ kan láti kékeré fi bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn látẹ̀yìn ojú. Bí o bá dìde kúrò láàárín ènìyàn mẹ́ta, o mọ̀ pé ìwọ ni ọ̀rọ̀ kàn. Bí o bá jókòó tì wọ́n, wọ́n á ní kí lò ń ṣọ́?

Yoofi ni wọ́n ń pè mí. Èmi ni mò ń di àjẹ̀ ìdí ọkọ̀ mú fún Maame Kwansima, opó kan tí ọkọ rẹ̀ kú tó fi ọkọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un. Àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n ni wọ́n fi kun ọkọ̀ náà, ìlà pupa kan sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n kọ "Sùúrù Lọ̀gá" sí i níwájú. Láti Accra títí dé Takoradi, kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ní àwọ̀ yẹn. Èmi kan náà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, ni mo wọ aṣọ àlùfáà fún ewúrẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì, tí ìyá arúgbó méjì fi kúnlẹ̀ fún un. Látìgbà náà, bí mo bá sọ pé òjò ń rọ̀, ará ìlú wa á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta wò.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni mo gbọ́ ariwo níbùdókọ̀, níwájú ilé pákó Egya Baidoo. Egya là ń pe ẹni tó tó bàbá ẹni. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọmọ etí òkun, ará Assin ni, láti inú igbó lọ́hùn-ún. Ogún ọdún ló ti ń ya fọ́tò fún wa, fọ́tò ìwé ìrìnnà, fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò òkú. Nígbà tí gbogbo ènìyàn wá di ẹni tó ní fóònù tó ń ya fọ́tò, iṣẹ́ rẹ̀ kú. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin náà ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí mi kámẹ́rà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ẹ ó rí i létí òkun, á gbé kámẹ́rà sójú, á sì jù ú sápá ọ̀tún bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ìgbà mìíràn, á fà á látòkè wá sílẹ̀. Ìgbà mìíràn, á yí i po bí ẹni tó ń ro ọkà. Àwòrán tó ń jáde níbẹ̀, kò ní orí, kò ní ìdí, àwọ̀ lásán tó ń sáré kiri. Ó máa ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, á kọ ọjọ́ tó yà wọ́n sábẹ́ wọn. Àwọn kan ní ọtí ni. Àwọn kan ní òògùn ni. Èmi ní tèmi ń sọ fún àwọn èrò ọkọ̀ pé ìmìtìtì ilẹ̀ ló ń gbé inú ọkùnrin náà.

Kow Abaka ló ń pariwo lọ́jọ́ yìí. Ẹ̀yin ò mọ Kow Abaka. Ọmọ arábìnrin Nana Essilfie ni, Nana Essilfie tó jẹ́ olórí gbogbo apẹja Nsuano. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí arábìnrin ẹni bí ló ń jogún ẹni, kì í ṣe ọmọ tí ẹni bí. Nítorí náà, bí Kow bá ń rìn bọ̀ lọ́nà, àga olórí apẹja ló ń rìn bọ̀ yẹn. Ohùn rẹ̀ tóbi: bó bá sín ní Nsuano, wọ́n á kí i pẹ̀lẹ́ ní Winneba.

"Ẹ wá wo nǹkan!" ló ń kígbe. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá olè, ẹ wá wò ó! Ìṣẹ́gun ni wọ́n kọ síbí, àbí ojú mi ló ń ṣe é? Ìṣẹ́gun, òwúrọ̀! Ẹ wo ọkọ̀ Maame Kwansima bó ṣe ń sáré lórí omi bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé!"

Mo rọ́ ọ̀nà gbà láàárín èrò. Nínú fọ́tò náà, iyanrìn ti di ìlà funfun, òkun ti di ìlà dúdú, gbogbo ọkọ̀ tó wà létí omi ti di ọ̀já gbọọrọ gbọọrọ. Láàárín gbùngbùn rẹ̀ ni àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n wa wà, pẹ̀lú ìlà pupa rẹ̀, tó fà láti etí fọ́tò kan dé èkejì, bí iná bàálù tó fẹ́ fò kọjá sí Amẹ́ríkà.

Kow tún fi ìka kan apá òkè fọ́tò náà. "Ẹ wá wo ọkọ̀ tèmi níbí, nítòsí àpáta tí mò ń so ó mọ́. Ṣé ẹ rí i? Ẹ lè ka lẹ́tà ara rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: 'Ẹ Má Bi Mí.' Ó dúró ṣinṣin! Bí ọkọ̀ tó bá gbọ́ràn ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn."

Òótọ́ ni. Ọkọ̀ kékeré náà mọ́ kedere bí eyín ọmọdé. Àwọn èrò mi orí. Wọ́n wá yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

"Yoofi," ni obìnrin kan tó ń ta kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo tiwa, wí, "ṣé ewúrẹ́ yẹn náà ló wa ọkọ̀ ọ̀hún?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kò dé ojú wọn.

Egya Baidoo wà lójú fèrèsé. Mo wò ó. Ó gbé ojú kúrò.

Kí n tó dé ilé Maame Kwansima, ìròyìn ti ṣáájú mi débẹ̀, ó ti jókòó, ó ti mu omi. Maame dúró sáàárín àgbàlá, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Yoofi, jókòó."

Mo jókòó.

"Dìde! Ta ló ní kó o jókòó? Níbo lo wà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Inú ọkọ̀, Maame."

"Inú ọkọ̀ ta ni?"

"Tiwa."

Ó di àyà mú. "Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń sùn ni."

"Ta ló rí ọ?"

"Maame, bí mo bá rí ẹni tó rí mi, a jẹ́ pé n kò sùn nìyẹn."

"Má fi mí ṣeré o! Yoofi, wọ́n ní Nana ti pe ìpàdé sí ọ̀la. Bí wọ́n bá de ọkọ̀ yẹn mọ́ igi lọ́la, ẹja máa dé, ẹja máa lọ, n kò ní fọwọ́ kan ìrù ẹyọ kan. Ẹ̀yin méjìlá tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀, ẹ ó wá iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èmi ńkọ́? Níbo ni n ó lọ? Ọkọ̀ tó bá sì jókòó sínú oòrùn fún oṣù mẹ́ta á là sí méjì. Sọ òótọ́ fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré láyé rẹ, sọ òótọ́. Ṣé o gbé e jáde?"

"N kò gbé e jáde."

Ó wò mí títí. Mo mọ̀ pé kò gbà mí gbọ́. Ohun tó burú jù ni pé èmi fúnra mi kò gba ara mi gbọ́ tán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó ṣáájú, mo ti mu ògógóró tó tó láti fi wẹ erin. Bóyá ọkọ̀ náà ti fò lọ nígbà tí mò ń sùn ńkọ́? Bóyá a ti dé Abidjan, a ti kí wọn, a ti padà, kí n tó jí? Mo lọ síbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí, mo wo ìdí rẹ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tó yá, mo fi ahọ́n lá a, bóyá iyọ̀ ara rẹ̀ tuntun ni. Iyọ̀ ò ní ọjọ́ orí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó kọjá tó rí mi níbi tí mo ti ń lá ìdí ọkọ̀ kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn mú ẹsẹ̀ yá.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti yí padà sí Egya Baidoo. Ọkùnrin yẹn gbé ojú kúrò lára mi. Kí ló dé? Ta ló ra ọtí fún un? Ta ló ní kó fi ọkọ̀ wa yàwòrán ìparun? Mo lọ bá a. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní pípadé, ọ̀sán gangan. Mo kàn án.

"A ti palẹ̀ mọ́!"

"Egya, Yoofi ni."

"Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n sọ pé a ti palẹ̀ mọ́."

Mo wọlé náà ni. Ó jókòó sáàárín àwọn àwòrán tó ń sáré, bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin.

"Egya, èló ni Kow san fún ọwọ́ rẹ kó tó gbọ̀n?"

"Má bú mi, Yoofi. Ọmọ mi kékeré lo tó."

"Ọkọ̀ wa kò kúrò lójú kan. Inú rẹ̀ ni mo sùn sí. Kí ló dé tó fi ń sáré nínú fọ́tò rẹ?"

Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀. "Wò ó. Ohun yìí ní ojú kan. Bó bá ṣẹ́jú kíá, ohun tó rí á dúró. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó la ojú sílẹ̀ díẹ̀, tí mo wá gbé e lọ báyìí," ó jù ú sápá ọ̀tún, "gbogbo ohun tó rí lọ́nà á fà tẹ̀lé e, bí ọbẹ̀ tí èèyàn fi ìka fà lára ògiri. Ọkọ̀ yín ò rìn. Ọwọ́ mi ló rìn."

"Kí lo wá ń fi ìyẹn ṣe? Àgbà bí ìwọ!"

"Fóònù gbogbo yín lè ya ojú èèyàn. Èwo nínú wọn ló lè ya afẹ́fẹ́? Òkun kì í dúró, Yoofi. Ẹni tó bá ya òkun ní dídúró, irọ́ ló yà."

Mo wá bínú. "Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó ò sọ ọ́ lójú Kow láàárọ̀?"

Ó dìde, ó yọjú síta, ó fa fèrèsé dé. "Ogún ọdún ni mo ti wà nílùú yìí. Ará Assin ni wọ́n ṣì ń pè mí. Bí mo bá sọ pé ọwọ́ mi ló ń sáré, wọ́n á bi mí pé kí ni ọwọ́ mi ń lé."

"Kí ló ń lé?"

"Ṣé o rí i? Ìwọ náà ti bèèrè." Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. "Wá sípàdé lọ́la. Má mutí."

Mo jáde pẹ̀lú ìfura tó pọ̀ ju èyí tí mo gbé wá lọ. Ọkùnrin tó mọ nǹkan tí kò sọ, òun àti olè, ẹnu ọ̀nà kan ni wọ́n jọ ń gbà wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, ìlú pé sábẹ́ àtíbàbà àwọn apẹja. Ká ní wọ́n ju ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn kan sókè níbẹ̀, kò ní rí ilẹ̀ bọ́ sí. Nana Essilfie jókòó sórí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ le bí ẹja tí wọ́n sá fún ọdún méje. Arábìnrin rẹ̀, ìyá Kow, jókòó sí apá òsì rẹ̀. Fọ́tò náà wà lórí tábìlì.

Kow sọ ẹjọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ó ní ìdí rèé tí ẹja fi sá. Ó ní opó ò ju òfin lọ. Àwọn kan ń dáhùn "Òótọ́ ni!" kó tó parí gbólóhùn. Maame Kwansima ní òun fi ọkọ òun tó kú búra. Kow ní òkú kì í jẹ́rìí.

Wọ́n ní kí èmi sọ̀rọ̀. "Nana, mo wà nínú ọkọ̀ náà, mo sùn."

"Ṣé inú omi lo ti sùn?" ni ẹnì kan bèèrè látẹ̀yìn.

"Orí iyanrìn ni!"

"Ewúrẹ́ náà ńkọ́?"

Ẹ̀rín bú. Nana gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀. Mo jókòó. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí ẹni tó ń purọ́ nítorí eré ń jẹ lẹ́yìn.

Egya Baidoo wá dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ará òkè wọn ṣe ń ṣe, ó ní, "Nana, ẹ jọ̀ọ́, n kò wá jẹ́rìí sí ẹnikẹ́ni. Ohun kan péré ni mo fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ya yín ní fọ́tò."

"Kí ló dé tó jẹ́ èmi?"

"Nítorí pé ẹ̀yin nìkan ni ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ó kúrò lórí àga."

Nana rò ó, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó gbé àyà síwájú. Egya Baidoo gbé kámẹ́rà sójú, ó jù ú sápá ọ̀tún. Ó wá gbé ojú gíláàsì kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà náà fún Nana wò. Nana wò ó, ó sún mọ́ ọn, ó tún wò ó.

"Ta lèyí?"

"Ẹ̀yin ni, Nana."

Wọ́n gbé e yí ká. Nígbà tó kàn mí, mo rí Nana Essilfie tó ń fò kọjá lábẹ́ àtíbàbà, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn tó ìdá mẹ́ta ìlú, àga rẹ̀ ń sáré tẹ̀lé e. Ìyá arúgbó kan wo fọ́tò, ó wo Nana, ó wo fọ́tò, ó ní, "Yé, Nana! Níbo lẹ ń lọ tẹ́ ẹ ò dágbére?"

Ẹ̀rín tó bú lọ́tẹ̀ yìí, gidi ni. Maame Kwansima kò rẹ́rìn-ín. Ó ti na ọrùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Nana kúrò lórí àga?"

"Kò kúrò," ni àwọn èèyàn wí.

"Ṣé ọkọ̀ mi wá kúrò lórí iyanrìn?"

Kow ní, "Idán nìyẹn! Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí á máa ṣe! Ó lè fi ohun tó wù ú ya ohun tó wù ú!"

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan," ni Egya Baidoo wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa sáré kọjá níwájú ìpàdé. Kó máa sáré dáadáa."

Kí ó tó sọ ọ́ tán mo ti dìde. Sísáré, ẹ bi àwọn tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sẹ́ni tó lè bá mi. Mo sá láti igi kan dé èkejì, iyanrìn ń tú lẹ́sẹ̀ mi bí ẹ̀fọn. Egya Baidoo fi kámẹ́rà tẹ̀ lé mi, ọwọ́ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ mi jọ ń lọ, kò yára jù mí, kò rẹ̀yìn.

Wọ́n wo gíláàsì náà. Nínú fọ́tò, èmi tí mò ń sáré, èmi ni mo dúró. Ẹnu mi ń bẹ ní yíyà, bọ́tìnnì ẹ̀wù mi ṣeé kà. Àwọn ará ìlú tó jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìn mi ni wọ́n ti di ọ̀já, gbogbo wọn ń sáré lọ sẹ́yìn, àti Nana, àti àga, àti òpó àtíbàbà.

"Kò yé mi," ni ẹnì kan wí.

Maame Kwansima ló yé. Ó dìde wẹ́rẹ́, ó lọ síbi tábìlì, ó gbé fọ́tò ọjọ́ Ìṣẹ́gun. "Ẹni tó bá sáré pẹ̀lú kámẹ́rà, òun ló ń dúró. Àbí mo ṣì í sọ, Egya?"

"Ẹ ò ṣì í sọ, Maame."

"Gbogbo ohun tó wà níhìn-ín ló fà. Iyanrìn fà. Ọkọ̀ mi fà. Àpáta pàápàá fà, àpáta tí Ọlọ́run gbìn síbẹ̀!" Ìka rẹ̀ ń gun fọ́tò náà lọ díẹ̀díẹ̀. "Kí ló wá dé tí ọkọ̀ kan fi dúró, tí mo lè ka lẹ́tà rẹ̀? Ta ló ní kí a wò ó dáadáa lánàá? Ta ló ní ọkọ̀ tó gbọ́ràn ni?"

Gbogbo ojú yí sí Kow Abaka bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ yí padà nínú ìgbòkun. Ẹni tó jókòó tì í sún kúrò.

Ṣùgbọ́n ẹ má ro Kow pin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. "Ó tán! Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́ o. Wọ́n ní fọ́tò yìí purọ́ mọ́ ọkọ̀ Maame. Ó dáa. Irọ́ ló pa mọ́ Nana náà, a rí i. Ó wá kan ọkọ̀ tèmi, ó di olóòótọ́! Elẹ́rìí wo ló ń purọ́ láàárọ̀ tó ń sọ òótọ́ lọ́sàn-án? Ará Assin yìí, ta ló rán an? Báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe Maame ló rán an? Yoofi wọ ilé rẹ̀ lánàá, wọ́n fa fèrèsé dé! Ẹ bi í!"

Ẹ wo bí ìfura ṣe ń rìn. Ojú tó wà lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí padà bọ̀ lára mi. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kùn. "Lóòótọ́, fèrèsé." "Kí ni wọ́n ń sọ?" Ọ̀rọ̀ náà dún dáadáa, òun ló bà mí lẹ́rù. Ká ní kì í ṣe ọkọ̀ wa ni, èmi náà ì bá gbè é. Egya Baidoo ti jókòó, ó gbá kámẹ́rà rẹ̀ mọ́ra bí ọmọ. Maame ń wo Nana. Gbogbo wa wá ń wo Nana.

Nana Essilfie ń wo arábìnrin rẹ̀. Obìnrin náà ń wo ilẹ̀.

"Ní Ọjọ́rú," ni Nana wí, "arábìnrin mi gbé kẹ́ńkẹ́ wá fún mi, àti ẹja mẹ́ta."

"Nana," ni ìyá Kow wí.

"Mẹ́ta. Tuntun ni wọ́n. Ojú wọn ṣì ń dán. Ológbò ìlú ò rí egungun jẹ, ẹja mẹ́ta wà nínú abọ́ mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n bèèrè. Ata rẹ̀ dùn. Mo gbé ìbéèrè náà mì."

Kow dìde. "Wọ̀fà," bí a ṣe ń pe arákùnrin ìyá ẹni nìyẹn, "ẹnì kan ló fún mi ní Apam—"

"Má pè mí ní Wọ̀fà níhìn-ín. Nínú ilé lo ti ní ìyẹn. Apam! Àwọn ará Apam tó ń wá gbóòórùn ẹja wa káàkiri!" Ó yíjú sí ìlú. "Fọ́tò lè purọ́, ó lè sọ òótọ́, n kò mọ̀, mo ti rí irùngbọ̀n ara mi lónìí. Ikùn mi ni mo mọ̀. Ẹ lọ wọ́ 'Ẹ Má Bi Mí' gun iyanrìn. Àgùntàn tí a ó fi tu òkun lójú, kì í ṣe Kow ló máa mú un wá. Èmi ni, torí ẹnu mi wà níbẹ̀. Ọkọ̀ Maame Kwansima, kó lọ sókun nígbà tó bá wù ú."

Kò sẹ́ni tó hó. Ìlú wa tó ń hó bí ìgbì bí adìẹ bá yé ẹyin! Wọ́n ń wo Nana, wọ́n ń wo abọ́ tí kò sí níbẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò: bí Nana bá jẹ mẹ́ta, ta ló jẹ ìyókù?

Kow kọjá níwájú Egya Baidoo, ó dúró díẹ̀. "Ará Assin," ló wí, jẹ́jẹ́, "a ó jọ máa gbé ìlú yìí o."

Látọjọ́ náà, bí Egya Baidoo bá gbé kámẹ́rà sójú létí òkun, ẹ wá wo ayé. Ẹni tó ń rìn á dúró. Ẹni tó dúró á bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Wọ́n á tún rántí, wọ́n á yí i padà. Ọkùnrin kan dì mọ́ igi àgbọn, ó ní kí gbogbo wa jẹ́rìí pé òun ò kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án rí, ṣùgbọ́n a wá ń ṣọ́ ọ báyìí.

Nígbà tí àgùntàn Nana ti lọ, tí àwọn ẹyẹ funfun bẹ̀rẹ̀ sí rọ́ lu omi lókèèrè, a mọ̀ pé ẹja ti ń bọ̀. A dúró kí Ìṣẹ́gun kọjá. Ní ìdájí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àwa méjìlá ti èjìká bọ abẹ́ ọkọ̀. Maame Kwansima wà níbẹ̀, ó so gèlè mọ́ ìdí. Egya Baidoo wà lórí àpáta kan létí òkun, kámẹ́rà lọ́wọ́.

"Yoofi, lọ sọ fún ọkùnrin yẹn kó kọjú sí igbó."

"Maame! Ṣebí òun ló gbà wá?"

"Mo mọ̀. Mo ti gbé kẹ́ńkẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó kọjú sí igbó."

Mo lọ sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí ẹ̀yìn sí òkun, ó bẹ̀rẹ̀ sí fa kámẹ́rà látòkè wá sílẹ̀ sí àwọn igi àgbọn, àgbọn tí kò ní ẹbí, tí kò ní ọjọ́ ìsinmi.

Mo padà. A gbé ọkọ̀, a kọ orin, ìdí ọkọ̀ ti kan omi, omi ti dé ìbàdí wa, ni Maame bá pariwo látẹ̀yìn:

"Ẹ dúró! Ṣé ó dá yín lójú pé Ọjọ́rú lónìí?"

Àwa méjìlá dúró sínú omi. A wo ara wa. Mo la ẹnu láti dáhùn, mo rí i bí gbogbo wọn ṣe ń wò mí, mo pa á dé. A rán ẹni tó kéré jù lọ kan ilẹ̀kùn àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì, a rán ẹlòmíràn lọ bi obìnrin oníkẹ́ńkẹ́, ká má baà gbára lé ẹnì kan. Àwọn méjèèjì padà, wọ́n ní Ọjọ́rú ni.

Maame rò ó fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ó wá ju ọwọ́ síwájú, a sì tì í lọ.